Rírà Ohun Èlò Kámẹ́rà Láti Òkè Òkun

Púpọ̀ nínú yín ń béèrè bóyá ó dára kí a máa ra nǹkan kámẹ́rà láti Ṣáínà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dára o, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan.

Ìdérí lẹ́ńsì, okùn ìfikọ́rùn àti fílítà kò léwu. Nọ́mbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì Ø níwájú lẹ́ńsì, bíi 58 tàbí 67, ni ìwọ̀n fílítà tó máa wọ̀ ọ́.

Mẹ́mórì káàdì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ayédèrú wà tí wọ́n kọ 128GB sí lára, tí kò sì gbà ju 8GB lọ. Kámẹ́rà á máa yà á lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan, fọ́tò ìgbéyàwó ẹni ẹlẹ́ni á sì ti ṣòfò. Ẹ rà á nítòsí, lọ́wọ́ ẹni tí ẹ lè rí mú, kí ẹ sì fi H2testw dán an wò lórí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó gbé e lọ sóde.

Ẹ ro owó ìkẹ́rù àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù mọ́ ọn kí ẹ tó sọ pé ó pọ́ọ́kú. Bí ẹni mẹ́rin bá jọ rà á pọ̀, owó ìkẹ́rù á fúyẹ́. Ẹni tó bá fẹ́, kí ó kọ orúkọ àti ìwọ̀n lẹ́ńsì rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì ṣáájú ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.