Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Irin tó ń tàn lára DNA

Ẹ̀yin ará Òkìtìpupa, pàápàá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ní OAUSTECH, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

DNA ni àkọsílẹ̀ àjogúnbá inú ara gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, àtènìyàn àtọ̀pẹ oko wa. Ó dà bí okùn onífọ́nrán méjì tí wọ́n lọ́ pọ̀. Lẹ́tà mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: A ń so mọ́ T, G ń so mọ́ C.

Báwo la ṣe ń mọ̀ bí okùn náà bá tú? Ọ̀nà kan ni terbium, irin tí wọ́n fi orúkọ abúlé Ytterby ní Sweden sọ. Tí ion terbium bá dá wà nínú omi, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan, torí kì í gba iná ultraviolet dáadáa. G ló mọ̀ ọ́n gbà. Bí terbium bá lẹ̀ mọ́ G tí kò ní ẹnìkejì, G á gba agbára iná náà, á tari rẹ̀ sí terbium, terbium á wá tàn ní àwọ̀ ewé, ní nǹkan bí 545 nanómítà. Ṣùgbọ́n tí G bá so mọ́ C rẹ̀ dáadáa, ìmọ́lẹ̀ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ àrà ni!

Wọ́n ti fi terbium wo bí cisplatin, oògùn jẹjẹrẹ, ṣe ń da G láàmú nínú DNA. Europium, ìbátan terbium, pupa ló máa ń tàn ní tirẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò ní yàrá ìwádìí, ẹ má lo omi tó ní phosphate: á di terbium mú, á sì mú un rì sísàlẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ G.