Ọgbà pèrègún fún ilé tí ó ní ẹran ọ̀sìn

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń múra láti padà sílé ní Ọlá àti agbègbè Èjìgbò, kí ẹ tó ṣe ọgbà, ẹ pe aládùúgbò yín kí ẹ jọ wo ààlà. Àgbàrá lè ti gbé àmì rẹ̀ lọ.

Ẹ má kánjú mọ ògiri búlọ́ọ̀kù. Èyí tí kò ní ihò nísàlẹ̀ ń sé omi mọ́ àgbàlá, ó sì lè wó lu ènìyàn àti ẹran.

Pèrègún, tí àwọn baba wa fi ń sàmì sí ààlà ilẹ̀, ni a dámọ̀ràn. Ẹ gé ọ̀pá rẹ̀, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ lákòókò òjò, kí àlàfo rẹ̀ má gba ewúrẹ́. Yóò hù, yóò bu ẹwà kún ilé, omi yóò sì rí ọ̀nà kọjá. Kí ó tó múlẹ̀, ẹ fi ọparun dè é ní ìbú, kí ẹran má baà wọ oko ẹ̀gẹ́ ẹlòmíràn.

Ewúrẹ́ kì í sábà jẹ lápálápá, ṣùgbọ́n májèlé ni èso rẹ̀: ẹ má gbìn ín síbi tí ọmọdé ń ṣeré. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún náà ń ya ajá lára.