Láti Asawase dé etí òkun Elmina lọ́jọ́ kan: Kí ló dé tí odò Pra fi rú tó bẹ́ẹ̀?

Kété tí wọ́n bá ti kírun Àsùbáà tán ní Asawase, nílùú Kumasi lórílẹ̀èdè Ghana, ni àwọn awakọ̀ tróótró ti máa ń pe èrò. Tróótró ni ọkọ̀ èrò tó ń ṣe iṣẹ́ tí dánfó ń ṣe l'Ékòó.

Ẹni tó bá fẹ́ rí oko, odò, ọ̀sà àti òkun kí ilẹ̀ tó ṣú gbọ́dọ̀ gbéra ní àkókò yìí. Ọ̀nà Kumasi sí Cape Coast tó nǹkan bíi 220 kìlómítà, ó sì lè gbà tó wákàtí márùn-ún.

Asawase jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àdúgbò tí àwọn Mùsùlùmí tó wá láti apá àríwá pọ̀ sí ní Kumasi, ẹni tó bá gbọ́ Hausa kò sì ní ṣìnà níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò Yorùbá náà pọ̀ nílùú yìí rí, kí ìjọba Kofi Busia tó pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Oko kòkó, ọ̀pẹ àti ọsàn ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà. Ọmọ Oǹdó tàbí Iléṣà lè rò pé ilé lòun ń lọ.

Odò tó pààlà

Lẹ́yìn ìlú Fomena, níbi tí Asante àti Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe àdéhùn àlàáfíà lọ́dún 1874, ọkọ̀ máa gun afárá odò Pra ní Assin Praso. Odò yìí ni ààlà láàárín ilẹ̀ Asante àti agbègbè tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà.

Ibẹ̀ ni ọ̀gágun Garnet Wolseley gbà kọjá lóṣù Kínní ọdún 1874 kó tó lọ dáná sun Kumasi. Ní àsìkò ogun yẹn kan náà, John Glover, ẹni tí àwọn ará Èkó mọ̀ dáadáa, ń bọ̀ láti ìhà odò Volta pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Hausa àti Yorùbá.

Lónìí, ohun tí èèyàn máa kọ́kọ́ rí lórí afárá náà ni àwọ̀ omi. Ó rú bí omi ẹrẹ̀.

Galamsey, ìyẹn wíwa góòlù láìgba àṣẹ, ló fà á. Àwọn tó ń wà á máa ń gbẹ́ etí odò, wọ́n á fi omi fọ iyẹ̀pẹ̀ kí góòlù lè yọ, wọ́n sì máa ń lo mẹ́kúrì láti kó o jọ. Inú odò ni ẹrẹ̀ náà ń padà sí. Àwọn odò bíi Offin àti Birim, tí wọ́n ń wa góòlù lẹ́bàá wọn, tún ń ṣàn wọ inú Pra.

Kí ló kan ẹni tó ń gbé létí òkun? Ó kàn án gidi, nítorí pé Pra ni ilé iṣẹ́ omi tó wà ní Sekyere Hemang ti ń fa omi tó ń lọ sí Cape Coast àti Elmina.

NTU ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí omi ṣe rú tó. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2024, iléeṣẹ́ omi Ghana sọ pé 2,000 NTU ni wọ́n kọ́ ẹ̀rọ Sekyere Hemang fún, ṣùgbọ́n omi tó ń wọlé ti tó 14,000. Wọ́n kìlọ̀ fún àwọn ará Cape Coast, Elmina àti agbègbè wọn pé omi ẹ̀rọ máa wọ́n.

Ìwẹ̀ ìkẹyìn

Ní Assin Manso, odò kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Donkor Nsuo, ìyẹn odò ẹrú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti òkè kí wọ́n tó kó wọn dé ilé olódi etí òkun. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rin ọ̀nà tí ọkọ̀ ń sáré lórí rẹ̀ yìí.

Lọ́dún 1998, wọ́n gbé òkú ọmọ ìran ẹrú méjì padà wá sin síbẹ̀: Samuel Carson láti Amẹ́ríkà, àti obìnrin kan tó ń jẹ́ Crystal láti Jàmáíkà. Ilẹ̀kùn Àrèmábọ̀ ní Cape Coast, tí wọ́n ń kó ẹrú gbà jáde sójú òkun, ni wọ́n gbé pósí wọn gbà wọlé.

Igbó Kakum, tó ní afárá okùn méje lókè igi láti ọdún 1995, kò sí lójú òpópónà yìí. Ẹni tí àkókò rẹ̀ kò bá tó láti ya ibi méjèèjì, Assin Manso ni kó yà.

Elmina kò jìnnà sí Cape Coast. Àwọn Potogí kọ́ ilé olódi rẹ̀ lọ́dún 1482, àwọn Dọ́ọ̀ṣì sì gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́dún 1637. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀sà Benya wà, tí ọkọ̀ ojú omi aláràbarà ń gbà wọ ìlú.

Ní Túsìdeè àkọ́kọ́ oṣù Keje ni wọ́n ń ṣe ọdún Bakatue, tí wọ́n fi ń ṣí ọ̀sà náà fún ìpẹja. Àmọ́ ẹni tó bá débẹ̀ ní Túsìdeè mìíràn máa bá ọkọ̀ ní èbúté, àwọn apẹja á sì máa tún àwọ̀n ṣe, torí pé wọn kì í lọ sójú òkun lọ́jọ́ náà.