Òótọ́ àbí irọ́? Ọwọ́ tó ń kú lóru àti àwọn ìyókù

Àbúrò ìyá mi, tó jẹ́ aránṣọ, ló jẹ́ kí n mọ̀ pé irọ́ lè gba ọwọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Bí aago méjì òru bá ti ń lù, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á kú, á wá máa ta á ṣìnṣìn bí ìgbà tí eèrà ń rìn nínú ìka. Á dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, á máa gbọn ọwọ́ náà títí ara á fi tù ú. Wọ́n ní kì í ṣojú lásán. Wọ́n ní ẹnì kan ló ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lójú àlá. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi gbààwẹ̀ tó sì fi òróró àdúrà pa á.

"Ọwọ́ tó ń kú lóru, iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni." Irọ́ ni.

Ẹ ṣí àtẹ́lẹwọ́ yín sókè, kí ẹ tẹ ọrùn ọwọ́ níbi tó ti pàdé àtẹ́lẹwọ́. Ihò tóóró kan wà lábẹ́ ibẹ̀. Eegun kéékèèké ló ṣe ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, awọ líle kan ló sì bò ó lókè bí òrùlé. Okùn iṣan mẹ́sàn-án tó ń ká ìka ló ń gba ibẹ̀ kọjá, iṣan ìmọ̀lára kan ṣoṣo sì wà láàárín wọn. Bí ibẹ̀ bá wú, iṣan kan ṣoṣo yìí ló máa ń jìyà. Òun ló ń ṣiṣẹ́ fún àtàǹpàkò, ìka ìlábẹ̀, ìka àárín àti ìdajì èyí tó tẹ̀ lé e. Kò dé ọmọńdinrín. Mo bi Àǹtí bóyá ọmọńdinrín rẹ̀ náà ń kú. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Rárá o, òun nìkan ni kì í kú."

Òru ló ń le jù nítorí pé a máa ń ká ọrùn ọwọ́ bí a bá sùn, ihò náà á sì tún fún sí i. Ó wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ, pàápàá aboyún, àti lára àwọn tó ní àtọ̀gbẹ. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè ní kí ẹ lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ lẹ gbé wá fún un.

Bí a bá tètè lọ, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe kò le: wọ́n á fún ènìyàn ní ìdè tó ń mú ọrùn ọwọ́ dúró gbọnrangandan bó bá ń sùn, tàbí kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ níbẹ̀. Bí kò bá lọ, wọ́n á la awọ líle náà kí iṣan lè ráyè mí. Abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ibẹ̀ nìkan ni wọ́n sábà máa ń lò, aláìsàn kò ní sùn. Àǹtí kò tètè lọ. Lọ́jọ́ tí mo gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé orí maṣíìnì, tí mo fi wọ́n wéra, ẹran ìdí àtàǹpàkò òsì yọ bọ́ńbọ́, ti ọ̀tún ti pẹlẹbẹ. Ọmọṣẹ́ ló ń bá a ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó sì ń sùn di àárọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ẹran ìdí àtàǹpàkò yẹn kò padà.

"Ẹni tó bá ń fa ìka kó dún á ní làkúrègbé." Irọ́. Dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Donald Unger, fa ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ fún ohun tó lé ní 60 ọdún, ó sì fi tọ̀tún sílẹ̀. Nígbà tó yẹ méjèèjì wò, kò sí làkúrègbé nínú èyíkéyìí. Afẹ́fẹ́ inú omi oríkèé ló ń dún. Ẹnì kan ṣoṣo lòun lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ìwádìí mìíràn náà kò rí làkúrègbé kankan níbẹ̀.

"Kókó tó yọ lẹ́yìn ọrùn ọwọ́, ẹ fi ìwé ńlá lù ú." Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Omi tó ń fà bí ilá ló wà nínú ọ̀pọ̀ irú kókó bẹ́ẹ̀, bí a bá lù ú ó lè fọ́. Àmọ́ ó sábà máa ń padà wá, ìlù náà sì lè ṣe eegun léṣe. Ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó. Bó bá jẹ́ òun ni, tí kò sì dun yín, ẹ lè fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń lọ fúnra wọn.

"Abẹ́rẹ́ ló ń lé ìrora ìgúnpá lọ." Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Àwọn iṣan tó ń gbé ọrùn ọwọ́ sókè so mọ́ eegun tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta ìgúnpá. Ẹni tó ń gúnyán, ẹni tó ń kun ilé, ẹni tó ń fọṣọ tó sì ń fún un, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń fà. Abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀dù máa ń jẹ́ kí ara tuni fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n ìwádìí ti fi hàn pé tó bá fi máa pé ọdún kan, àwọn tó gbà á kì í sàn tó àwọn tí kò gbà á. Ìsinmi díẹ̀ àti eré ìdárayá tó ń fún iṣan náà lágbára ló dára jù. Ní ti ìka tó ń há, tí ènìyàn ń fi ọwọ́ kejì nà án láàárọ̀, abẹ́rẹ́ kan náà ló sábà máa ń tú u.

"Ọmọ tí a fà lọ́wọ́, tí kò gbé apá mọ́, ẹ fi omi gbígbóná jó o." Irọ́. Ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin ló ń ṣẹlẹ̀ sí jù: a fà á sókè láti ré gọ́tà kọjá, eegun kan á yẹ̀ díẹ̀ ní ìgúnpá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á yí apá náà lẹ́ẹ̀kan, láìpẹ́ ọmọ á na ọwọ́ gba bisikíìtì. Ṣùgbọ́n bó bá ṣubú, tàbí tí ibẹ̀ wú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí i títí wọn á fi ya fọ́tò eegun náà.

"Bí a bá ṣe di eegun tó kán le tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe yá tó." Irọ́ tó burú jù nìyí. Ọmọ já bọ́ lórí igi máńgòrò, ó fi ọwọ́ gbalẹ̀, eegun kán lókè ìgúnpá. Bí a bá dì í pinpin, ibẹ̀ á máa wú nínú ìdè tí kò fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní ráyè dé inú ẹran. Láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, ẹran náà lè kú. Ní 1881, Richard von Volkmann, oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì, ṣàlàyé bí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ká kò bí èékánná àwòdì. Títí dòní a ṣì ń rí i nílé wa. Èmi kì í bú àwọn tó ń to eegun. Ìdè tó le jù ni mo ń bá jà, ìbáà ṣe oparun àti okùn, ìbáà ṣe POP ọsibítù.

Bí ọmọ bá ń sunkún sí i lẹ́yìn tí wọ́n ti dì í, tí oògùn ìrora kò ràn án, ẹ rọra na ìka rẹ̀. Bó bá figbe ta, ewu ni. Ẹ tẹ èékánná rẹ̀ kó funfun, kí ẹ sì fi í sílẹ̀: ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ padà kí ẹ tó ka ení, èjì. Bó tilẹ̀ padà, tí ìrora ṣì ń pọ̀, ìrora ni kí ẹ gbà gbọ́. Bó bá jẹ́ okùn, ẹ tú u lójú ẹsẹ̀ kí ẹ tó wá ọkọ̀ lọ sí ọsibítù. Bó bá jẹ́ POP, ẹ gbé e padà lóru ọjọ́ náà, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.