Ohun tí Ògiri Pamọ́

Nígbà tí a bá ń wó ògbólógbòó ilé alámọ̀ ní Òṣogbo tàbí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà láti fi ilé sìmẹ́ǹtì rọ́pò rẹ̀, ọkọ́ a máa kan ohun tí ojú kò retí: ìkòkò kékeré, owó ẹyọ, tàbí àgádágodo tí a tì. Kí ni ó gbé wọn dé ibẹ̀?

Ìpele ìpele ni àwọn baba wa ń mọ ògiri. Wọn a fi ẹsẹ̀ po amọ̀, wọn a mọ ìpele kan, wọn a sì jẹ́ kí ó gbẹ kí wọn tó gbé òmíràn lé e. Kò ṣòro láti fi nǹkan sínú amọ̀ tútù.

Ìdí méjì ni ó wà. Èkíní ni ìtọ́jú owó. 20,000 ẹyọ ni ọ̀kẹ́ kan, ẹrù wúwo sì ni. Nígbà tí ogun Ìbàdàn kó Iléṣà ní 1870, ta ni ó lè ru ọrọ̀ rẹ̀ sá? Èkejì ni ààbò. Wọn a ri oògùn mọ́ ẹnu ọ̀nà, tàbí kí wọn fi í há ara ògiri, kí olè àti ọ̀tá má baà wọlé. Àwọn àgbà sì sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bàtà gbígbó ni wọ́n ń fi pamọ́ sínú ògiri àti sí ẹ̀yìn ibi ìdáná. Láàárín 1950 sí 1959, June Swann ti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Northampton bẹ̀rẹ̀ sí kọ wọ́n sínú ìwé. Iye wọn ti ju 1,000 lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó fi wọ́n síbẹ̀ kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, àbá lásán ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń dá.

Àwa onígbàgbọ́ pàápàá a máa fi owó àti ìwé sábẹ́ òkúta ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì; nítorí náà, kí a má ṣe fi àwọn baba wa rẹ́rìn-ín. Ohun tí ó dùn wá ni pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní bàtà, wọn kò ní ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀. Àwa ní àgbà tí ó lè túmọ̀, a sì ń sun ohun náà níná láìbéèrè. Ìgbàgbọ́ wa kò ní kí a bọ ọ́, ṣùgbọ́n kò ní kí a má wádìí rẹ̀.

Bí bíríkìlà bá hú irú rẹ̀ jáde ní abúlé tí a ó ti máa kọ́ni, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tọ baálé ilé náà lọ, kí a wí pé: Baba, kí ni ẹ fi èyí ṣe? Kí a sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Ògiri tí ó wó ṣeé tún mọ. Ẹnu àgbà tí ó bá pa dé, kò tún ṣí mọ́.