Eéwo Tó Fara Pamọ́ Sínú Ikùn

Kò sí ìyá tó tọ́ ọmọ dàgbà tí kò mọ ìwà eéwo. Ó mọ̀ pé bí ojú rẹ̀ bá pa dé nígbà tí ọyún ṣì wà nídìí rẹ̀, wàhálà kò tíì tán. Ibẹ̀ yóò tún wú, ara ọmọ yóò sì tún gbóná.

Ìmọ̀ yìí gan-an ni òbí nílò bí apẹ́ńdíìsì ọmọ rẹ̀ bá ti bẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ. Apẹ́ńdíìsì jẹ́ ìfun kékeré kan tó so rọ̀ ní ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún. Ẹnu kan ṣoṣo ló ní. Bí ẹnu náà bá dí, yóò wú, ó sì lè bẹ́ láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Àwọn tí kò tíì pé ọdún 5 kì í lè ṣàlàyé ibi tó ń dùn wọ́n. Tiwọn sábà máa ń bẹ́ kí ará ilé tó fura.

Oníṣẹ́ abẹ yóò gé e kúrò, yóò sì fa ọyún jáde, ṣùgbọ́n kòkòrò àìsàn tó ṣẹ́ kù nínú ikùn kò ṣeé fojú rí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba ojú iṣan fún ọmọ ní oògùn fún ọjọ́ mélòó kan, tí wọ́n á sì tún fún un ní èyí tí yóò lò tán nílé.

Ìfun pẹ̀lú máa ń sùn lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí. Bí ọmọ bá ń bì tí ikùn rẹ̀ sì le, ẹ má ṣe yọ́ oúnjẹ fún un. Ìsó àkọ́kọ́ tó bá só, ìròyìn ayọ̀ ni: ìfun ti ń jí. Ẹ jẹ́ kó lo oògùn ìrora rẹ̀ déédéé, kó lè dìde rìn, kó sì lè mí kanlẹ̀.

Ewu tó kù ni ọyún tó tún lè kó jọ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà. Ó sábà máa ń ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ ikùn, nítòsí ìdí. Níbẹ̀, ó lè mú kí ọmọ máa yàgbẹ́ gbuuru tó ní ikun, kó sì máa tọ̀ léraléra. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ló ń fi í hàn. Bó bá kéré, oògùn lè gbé e lọ. Bó bá pọ̀, wọ́n á fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ fà á jáde.

Ọyún apẹ́ńdíìsì ti dá ọba pàápàá dúró rí. Lọ́dún 1902, ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n dé Ọba Edward VII ti Gẹ̀ẹ́sì ládé ni wọ́n ní láti ṣiṣẹ́ abẹ fún un nítorí àrùn apẹ́ńdíìsì. Oníṣẹ́ abẹ kan, Frederick Treves, la ikùn rẹ̀, ó tú ọyún jáde, kò gé apẹ́ńdíìsì náà rárá. Ọba yè, wọ́n sì dé e ládé lóṣù kẹjọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ètè sílẹ̀ máa pa làpálàpá. Ojú abẹ lè jinná kí inú má tíì san. Bí ara ọmọ bá tún gbóná, tí inú tún ń run ún, ẹ má sáré lọ ra oògùn ibà. Ẹ gbé e padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣiṣẹ́ abẹ náà lọ́jọ́ yẹn gan-an.