Fúláàsì náítírójìn olómi àti igi olówùú

Fúláàsì náítírójìn olómi jọ fúláàsì tíì, ọmọ ìyá sì ni wọ́n lóòótọ́. Òfìfo tó wà láàárín ògiri rẹ̀ méjèèjì ni kì í jẹ́ kí ooru ráyè wọlé bá náítírójìn inú rẹ̀, tó tutù dé -196 °C. James Dewar ló kọ́kọ́ ṣe irú ìgò báyìí, ní 1892. Nígbà tó fi máa di 1899, Dókítà Campbell White ti ń fi afẹ́fẹ́ tí wọ́n sọ di omi tọ́jú àrùn awọ ara ní New York. Herman Allington ló gbé náítírójìn olómi wọ inú ìtọ́jú awọ ara ní 1950.

Àwọn dókítà á ri òwú tó wà lórí igi bọ inú náítírójìn náà, wọ́n á gbé e lé kókó líle orí awọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Omi inú sẹ́ẹ̀lì á di yìnyín, sẹ́ẹ̀lì á fọ́, ibẹ̀ á lé ròrò, á gbẹ, á sì ṣí kúrò. Ó máa ń ta ni lára o.

Aláwọ̀ dúdú ló yẹ kó ṣọ́ra jù: sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè àwọ̀ ara kì í fara da òtútù, nǹkan bí -5 °C ti tó láti pa á. Kókó lè lọ tán kí ojú ibẹ̀ funfun fún oṣù mélòó kan, tàbí títí láé. Síbẹ̀, òtútù yìí kan náà ni àwọn dókítà fi ń mú àpá tó wú kọjá ojú ọgbẹ́ rọlẹ̀.